Ẹ̀yin ará lábù tissue engineering, ta lẹ bá pàdé níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè gbàgbé?

Ọmọ Húùdù
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ojoojúmọ́ là ń sọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì, scaffold (ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń hù lé lórí), jẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀rọ, mi ò tíì rí ọjọ́ tá a jókòó sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó ń ṣe é. Mo fẹ́ kí kálukú mú ẹnì kan péré tó bá pàdé ní lábù yunifásítì tí wọ́n ti ń sin sẹ́ẹ̀lì títí tó fi ń di ẹran ara, kó sọ ohun tójú ẹ̀ rí lọ́dọ̀ onítọ̀hún, ì báà dáa ì báà burú, ẹ ṣáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Tèmi ni màmá kan tó jẹ́ tẹkiníṣàn wa. Wọn ò ní PhD, wọn ò sì wá a. Tí wọ́n bá dé láàárọ̀, báàgì ò ní tíì kúrò léjìká wọn tí wọ́n á ti ṣí inkubétọ̀, àpótí tó ń mú sẹ́ẹ̀lì móoru, wọ́n á yọ fúláàsì kan, ìyẹn ike tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé, wọ́n á gbé e sókè síbi iná, wọ́n á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí omi inú ẹ̀ lè rọ́ sí igun kan, wọ́n á wá wo àwọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé phenol red, aró tó ń yí àwọ̀ padà bí ásíìdì bá pọ̀ tàbí tó bá dín kù, ló wà nínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì yẹn, tó bá pupa dáadáa, àlàáfíà ni, tó bá ń di yẹ́lò, ásíìdì ti pọ̀ níbẹ̀, yálà sẹ́ẹ̀lì ti kún jù tàbí bakitéríà ti wọlé, tó bá wá ń lọ sí pọ́pù, CO2, gáàsì tó ń wọ inkubétọ̀, ò tó nìyẹn. Gbogbo wa la kà á nínú ìwé. Àmọ́ màmá yìí á wo fúláàsì méjì tó yẹ́lò bákan náà lójú tèmi, wọ́n á ní "ebi ló ń pa eléyìí, pààrọ̀ oúnjẹ ẹ̀. Ìyẹn ti bàjẹ́, gbé e jáde kó tó ran àwọn yòókù." A á gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, bẹ́ẹ̀ náà la máa bá a. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi àṣírí ẹ̀ hàn mí. Wọ́n á gbé fúláàsì náà síwájú bébà tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí. Tí lẹ́tà ẹ̀yìn ẹ̀ bá hàn kedere, ebi ni. Tó bá ṣe bàìbàì, bakitéríà ni.

Ọ̀dọ́ Lábù
Ìyá tó ń fọ ìgò. Wọ́n fẹ̀yìn tì, sẹ́ẹ̀lì wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Oníyèméjì
@Ọmọ Húùdù ìtàn yín dùn o, ṣùgbọ́n mycoplasma, bakitéríà tó kéré jọjọ yẹn ńkọ́? Kì í yí àwọ̀ padà, kì í mú omi ṣú, pẹnisílínì ò ràn án torí kò ní ògiri sẹ́ẹ̀lì tí pẹnisílínì máa bàjẹ́. Ojú màmá wo ló máa rí ìyẹn?

@Ọ̀dọ́ Lábù ẹ̀yin náà, ìgò wo lẹ ń fọ̀? Ṣebí plásítíìkì tá à ń lò lẹ́ẹ̀kan tá a ń jù nù ló wà níbi gbogbo báyìí? Mi ò gbà.

Ọmọ Húùdù
Wọn ò rí i, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ò lè rí i. Àwọn gan-an ló fi dandan lé e pé ká máa fi PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA kòkòrò náà, yẹ gbogbo sẹ́ẹ̀lì wò lóṣooṣù, àtèyí tó bá ti ibòmíì wá kò gbọdọ̀ wọ inkubétọ̀ ńlá, àyàfi tí èsì ẹ̀ bá jáde. Àwọn postdoc, àwọn tó ti gba PhD tí wọ́n ṣì ń ṣèwádìí lábẹ́ ọ̀gá, máa ń bínú sí wọn. Màmá ò dá wọn lóhùn.

Ọ̀dọ́ Lábù
@Oníyèméjì sẹ́ẹ̀lì ń gbénú plásítíìkì, òótọ́ ni. PBS, omi iyọ̀ tá a fi ń ṣan sẹ́ẹ̀lì, tẹ́ ẹ pò fúnra yín ńkọ́, inú kí lẹ gbé e sí kẹ́ ẹ tó tì í sínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò? Ìgò ni. Tí ọṣẹ bá ṣẹ́ kù sínú ìgò yẹn, autoclave ò lè yọ ọ́, kòkòrò ló ń pa, kì í ṣan ọṣẹ. Ìyá yẹn máa ń ṣan ìgò títí ọwọ́ wọn á fi funfun, wọ́n á wá fi omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú ẹ̀ kúrò ṣan án kẹ́yìn, wọ́n á dojú ẹ̀ dé. Ẹni tí wọ́n gbé wá rọ́pò wọn, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. A fura sí serum tá à ń pò mọ́ oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, a fura sí inkubétọ̀, a fura síra wa, ìgbà tí ọ̀gá wa wá fóònù wọn rí tó pè wọ́n lọ̀rọ̀ tó yé wa.

Tẹkiníṣàn Àgbà
Ọlọ́run ó bù kún ẹ, àbúrò.

Onípólímà
Tèmi gùn díẹ̀ ẹ fara dà á. Ẹnjiníà ni mí, pólímà ni mo kọ́, mi ò tíì fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì rí títí mo fi dé lábù yẹn, wọ́n sì ní kí èmi àti postdoc kan tó jẹ́ onímọ̀ bàọ́lọ́jì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, obìnrin ni, ó dàgbà jù mí lọ, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni electrospinning, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì rí i rí, a máa ń yọ́ pólímà sínú kẹ́míkà, a fà á sínú sírínjì, a so iná tó tó 15,000 fólítì mọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ lẹ́nu, iná yẹn ló máa fa pólímà náà jáde lófuurufú tó máa di òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì, á wá máa to ara ẹ̀ sórí irin tó wà níwájú títí tó fi máa di aṣọ funfun kékeré kan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn dénú eegun. Mo máa wọ̀n ọ́n, mo máa fà á títí tó fi máa já kí n lè mọ agbára ẹ̀, gbogbo nọ́ńbà á pé, mo máa gbé e fún àǹtí yìí, lọ́jọ́ kẹta wọ́n á ní "sẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ràn ẹ̀." Ó tán. Sẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ràn ẹ̀. Inú mi á ru! Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n pè mí wá síbi maikirosíkóòpù, wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì tó wà lórí plásítíìkì lásán síbẹ̀ kọ́kọ́, mo rí i tó tẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀, tó na apá síbí tó na apá sọ́hùn-ún. Wọ́n wá gbé tèmi síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ká kò, róbótó róbótó, kò sí ọ̀kan tó di nǹkan mú. Wọ́n ní "ṣé o rí i, sẹ́ẹ̀lì tó bá ká báyìí, kò ní pẹ́ kú. Aṣọ rẹ ń lé omi sẹ́yìn, kí ló máa wá fi dì í mú?" Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, a rẹ aṣọ yẹn sínú sodium hydroxide díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ara ẹ̀. Bí mo ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n tún bi mí pé "àwọn tó máa gbénú ẹ̀ ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jẹun?" Torí ihò àárín òwú yẹn kéré, orí ẹ̀ nìkan ni sẹ́ẹ̀lì ń gbé, tí ẹ bá sì mú un nípọn, sẹ́ẹ̀lì tó bá ti jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ ju nǹkan bí 200 micrometre lọ, afẹ́fẹ́ ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo fi gba PhD.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí wọ́n bá ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀ka kan ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Pépà tí gbogbo wa ń tọ́ka sí nínú jọ́nà Science ní 1993 yẹn, Robert Langer tó kọ ọ́, ẹnjiníà kẹ́míkà ni, Joseph Vacanti tí wọ́n jọ kọ ọ́, oníṣẹ́ abẹ ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Kò Sí Ìsinmi
"Sẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ràn ẹ̀." Àyà mi já bí mo ṣe kà á. Ohùn ọ̀gá mi ni mo gbọ́.

Oníyèméjì
Àwọn Vacanti yẹn, ṣé àwọn náà ló ṣe eku tó ní etí lẹ́yìn? Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ kó sọ fún mi, ṣé òótọ́ ni fọ́tò yẹn àbí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é? Bàbá mi rí i, wọ́n ní kí n fi ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀.

Olùtọ́jú Eku
Òótọ́ ni fọ́tò yẹn. Charles Vacanti ni, àbúrò Joseph. 1997 ni pépà ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa sọ fún bàbá pé kò sí sẹ́ẹ̀lì èèyàn kankan níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì eegun rírọ̀ màlúù ni, wọ́n fi pólímà ṣe etí tó jọ ti ọmọ ọdún 3, wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì yẹn sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ awọ eku. Eku ọ̀hún, irú èyí tí ara ẹ̀ kì í bá àjèjì jà ni, òun ló jẹ́ kó gbà á. Wọn ò yí apilẹ̀ àbùdá ẹ̀ padà kó lè hu etí. Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn nìyẹn.

Èmi, ilé ẹranko ni mo wà. Àwọn tó ń wọ kóòtù funfun kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa, wọ́n á gbin scaffold sára eku, wọ́n á lọ, ó dọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á padà. Ẹnì kan wà tí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ PhD ni, ó máa ń wá nírọ̀lẹ́ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, á kan jókòó, á gbé eku kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́, á gbé e padà. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti fẹ́ràn eku jù. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, eku tí jìnnìjìnnì bá, họ́mọ̀nù tó máa tú sára ẹ̀ á fa ìwòsàn ojú egbò sẹ́yìn, èsì yín á sì rú. Eku tọmọ yìí kì í sá fún ọwọ́ ẹ̀. Ó máa ń bi mí léèrè pé kéèjì èyí ńkọ́, kéèjì tọ̀hún ńkọ́, ṣó jẹun. Èmi ni mo ń dá a lóhùn, torí èmi ni mo mọ̀. Kò sẹ́lòmíì tó bi mí rí.

Ayọ̀ Iṣẹ́
Postdoc tiwa máa ń kọrin fún sẹ́ẹ̀lì. Tó bá kọrin, wọ́n ń hù dáadáa.

Tẹkiníṣàn Àgbà
Ó ń kọrin níwájú húùdù, àpótí onígíláàsì tá a ti ń ṣí sẹ́ẹ̀lì? Itọ́ ńkọ́?

Ayọ̀ Iṣẹ́
Gíláàsì wà láàárín ẹ̀gbọ́n, ó sì máa ń bo ẹnu.

Tẹkiníṣàn Àgbà
Kó máa kọ ọ́ níta.

Ìyá Ìbejì PhD
Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ẹranko ẹ má gbàgbé serum o. Ọmọbìnrin kan wọ lábù wa, wọ́n ń mú un yí ká lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ni FBS, serum yẹn, ó béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń rí FBS. Gbogbo yàrá dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí wọn ò tíì bí ni, tí wọ́n bá pa màlúù tó lóyún. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, a ò kàn jẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ yẹn ò jà, kò pariwo, ó lọ jókòó kàwé, ó sì fi gbogbo ìwádìí ẹ̀ gbìyànjú kó lè sin stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di sẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi) inú ọ̀rá láìlo FBS, platelet èèyàn (èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) ló fi rọ́pò ẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Òun ni mo mú.

Tẹkiníṣàn Àgbà
Stem cell inú ọ̀rá máa ń gbà á. Ẹ lọ dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì tó lágídí kẹ́ ẹ tó dájọ́. Serum lásán, tí wọ́n bá gbé àpò mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà, sẹ́ẹ̀lì mi-ìn á ní òun ò jẹ, ìdí tá a fi ń dán àpò bíi mélòó kan wò ká tó kó èyí tó bá bá a lára mu pamọ́ nìyẹn. Ẹ wá ní ká yí gbogbo ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Oníyèméjì
Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń ní kò ṣeé ṣe títí á fi ṣeé ṣe.

Tẹkiníṣàn Àgbà
Mi ò ní kò ṣeé ṣe. Mo ní tí sẹ́ẹ̀lì bá kú, ta ni wọ́n máa bi?

Ìyá Ìbejì PhD
Ẹ̀yin ni wọ́n máa bi, mo mọ̀, ìyẹn ò dáa. Àmọ́ serum tó ń yàtọ̀ láti àpò dé àpò yẹn gan-an ni ìdí míì tó fi yẹ ká kúrò nídìí ẹ̀, ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rí tẹ́ ẹ mú wá, tèmi ló gbè.

Tẹkiníṣàn Àgbà
Ọ̀rọ̀ ẹ yè ẹ́.

Kò Sí Ìsinmi
Ẹ jẹ́ n sọ ti bọ̀dá kan tó gba ẹ̀mí wa là. Sẹ́ẹ̀lì ò mọ Sunday, ẹ̀yin náà mọ̀, bí ọmọ ọwọ́ ni, tí àsìkò oúnjẹ bá tó, ó tó nìyẹn, tèmi sì máa ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan, kálukú wa ló ń wá lópin ọ̀sẹ̀ láti bọ́ tirẹ̀, ẹ máa bá èèyàn márùn-ún nínú lábù lọ́jọ́ Sunday, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹnì kọ̀ọ̀kan wá ṣe. Bọ̀dá yìí ya àtẹ ìpín iṣẹ́ sí ara ògiri, ó ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa bọ́ ti gbogbo wa, kí a máa yí i po. Ọ̀gá ò gbà. Wọ́n ní tí ọwọ́ kan bá ń fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi, ọ̀kan á kó wọ inú ìkejì. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ lásán, ní 1966 Stanley Gartler dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ó ní ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè lórúkọ oríṣiríṣi, HeLa, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan tó ń yára hù, ni gbogbo ẹ̀, ó ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Bọ̀dá yìí ò bá ọ̀gá jiyàn. Ó lọ kọ òfin tiẹ̀ sílẹ̀: oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú húùdù lẹ́ẹ̀kan, ìgò oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó bá tán, fi ọtí nu gbogbo ibẹ̀, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i kó o tó gbé òmíràn wọlé, èyí tó ń yára hù jù ni kó kẹ́yìn. Ó gbé e fún wọn. Wọ́n kà á, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní òfin yẹn dáa ju èyí tá à ń lò látẹ̀yìnwá lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn èèyàn mi lópin ọ̀sẹ̀.

Ìyá Ìbejì PhD
Ẹ bá mi kí i. Nígbà tí mo bí àwọn ọmọ mi, irú ẹ̀ ni mi ò rí. Ọ̀gá tí ò tíì wọ húùdù láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n ló ń bi mí pé kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì ò tíì kún.

Prof Kékeré
Èmi náà jẹ́ ọ̀gá lábù, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn húùdù ju ọ́fíìsì lọ. Àmọ́ owó oṣù àwọn tó wà lábẹ́ mi, orí ìwé tí mò ń kọ láti fi wá owó ìwádìí ló wà, tí mi ò bá rí owó yẹn, wọ́n á lọ sílé. Mo ń kọ ìwé yẹn lálẹ́. Kì í ṣe pé a gbàgbé yín.

Ìyá Ìbejì PhD
Prof, mo gbọ́, mo sì gbà. Ẹ ṣáà máa wá wo sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó béèrè pé kí ló dé tí ò kún.

Prof Kékeré
Ó dáa. Mo gbà á.

Akóèègun
Ẹ̀yin ò tíì dárúkọ àwọn tó ń fún wa ní ẹran ara. Iṣẹ́ tèmi ni kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tíátà nílé ìwòsàn, tí wọ́n bá fi oríkèé onírin rọ́pò ti ìbàdí ẹnì kan, wọ́n á gbé orí eegun itan tí wọ́n gé fún mi, màá gbé e sínú yìnyín, màá sáré lọ sí lábù, mùdùnmúdùn inú ẹ̀ la ti ń yọ stem cell. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, èmi náà ni mo máa ń lọ bá aláìsàn kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀pọ̀ ò kà á, wọ́n á ní "ṣebí ẹ máa jù ú nù náà ni." Màmá àgbà kan kà á láti òkè délẹ̀. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú, wọ́n ní "eegun yìí gbé mi láti kékeré, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ máa hù, a máa gbé e sórí scaffold bóyá ó lè di eegun fún ẹni tí tiẹ̀ fọ́. Wọ́n ní "ẹ ò ní tà á?" Mo ka ibi tó wà nínú ìwé fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ìgbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ní kí n wá sọ fún àwọn bó bá hù.

Mo padà lọ sí wọ́ọ̀dù, mo mú fọ́tò dání. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ó yẹ kẹ́nì kan rán mi. Henrietta Lacks ni mò ń rò, obìnrin tí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ní Johns Hopkins ní 1951 láìbi í, tí HeLa tá a dárúkọ lókè yìí ṣì ń hù di òní. Ó di 2023 kí ilé iṣẹ́ kan tó bá àwọn ọmọ àtọmọọmọ ẹ̀ ṣàdéhùn.

Ayọ̀ Iṣẹ́
Kí ni màmá yẹn sọ nígbà tí wọ́n rí fọ́tò?

Akóèègun
Wọ́n ní ṣé bó ṣe kéré tó nìyí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi han gbogbo wọ́ọ̀dù.

Oníyèméjì
Gbogbo yín dáa o. Àwọn tó burú ńkọ́? Ọmọ Húùdù ní ì báà dáa ì báà burú. Ọkùnrin oníṣẹ́ abẹ tó ń fi ọ̀nà èémí onípílásítíìkì sọ́rùn èèyàn ní Sweden yẹn, ta ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ tí ò rí i?

Prof Kékeré
Paolo Macchiarini. Wọ́n rí i! Àwọn dókítà mẹ́rin ní ilé ìwòsàn Karolinska ló kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ ní 2014, pé ohun tó wà nínú pépà kọ́ ló wà nínú fáìlì àwọn aláìsàn. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ dá a láre. Ó di 2016 kí wọ́n tó lé e, 2023 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́fà. Àwọn mẹ́ta tó ṣe é fún ní ilé ìwòsàn yẹn ti kú. Ẹ má ní kò sẹ́ni tó rí i, ẹ ní kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹni tèmi jẹ́ ọmọ máńsítà kan tó wà ní lábù tí mo ti ṣe postdoc. Ní ìpàdé ọjọ́ Friday, ẹnì kan gbé àwòrán kan tó rẹwà síta, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́, ọmọ yìí na ọwọ́ sókè, ó ní "ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè rí èyí tí ẹ̀rọ gbé jáde gan-an, kí wọ́n tó tún un ṣe?" Ìbéèrè yẹn mú gbogbo yàrá gbóná. Àwòrán ọ̀hún kò wá. Pépà yẹn ò jáde. Ọdún yẹn náà ni ti STAP ṣẹlẹ̀ ní Japan, ìwádìí tó ní ásíìdì lásán lè sọ sẹ́ẹ̀lì di stem cell, tí jọ́nà Nature gbé e jáde ní January 2014, tí wọ́n sì fà á padà ní July. Ọmọ yìí ì bá ti wà níbẹ̀.

Tẹkiníṣàn Àgbà
Níwọ̀n ìgbà tí Prof ti dá ọ̀rọ̀ pépà sílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Bí wọ́n ṣe ń yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú eegun rírọ̀ ní lábù kan tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi ni mo tún un tò. Collagenase, ẹ́ńsáìmù tó ń tú ẹran ara kí sẹ́ẹ̀lì lè bọ́, tó wà nínú ìwé ti pọ̀ jù, wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú, tó bá fi máa dàárọ̀ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti kú. Mo dín in kù, mo gé ẹran náà wẹ́wẹ́, mo ń gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ ní 37°C, mo ń yọ èyí tó bá ti bọ́ kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kí n dúró de gbogbo ẹ̀. Orí sẹ́ẹ̀lì yẹn ni wọ́n kọ́ pépà lé. Pépà jáde, wọ́n fi mí síbi ọpẹ́ níparí. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ.

Ọ̀dọ́ Lábù
Wọ́n ṣì í kọ kẹ̀?

Kò Sí Ìsinmi
Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí dùn mí.

Oníyèméjì
Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín, ṣebí iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n fún nìyẹn, wọ́n sì ń sanwó oṣù?

Olùtọ́jú Eku
Prof náà ń gbowó oṣù. Orúkọ wọn wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì PhD
Ẹ gbà á níbẹ̀!

Prof Kékeré
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Àti pé, ìlànà ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ń tẹ̀ lé, ohun mẹ́rin ló ní kéèyàn ṣe kó tó jẹ́ òǹkọ̀wé: kó kópa tó jọjú nínú iṣẹ́ náà, kó bá wọn kọ ọ́ tàbí kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó fọwọ́ sí èyí tó máa jáde, kó gbà láti dáhùn fún un. Àwọn ọ̀gá kan máa ń sá sábẹ́ ìyẹn, wọ́n á ní tẹkiníṣàn ò bá wa kọ nǹkan kan. Ìlànà yẹn kan náà ló ní ẹni tó bá ti ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún un láyè kó ṣe àwọn yòókù. Ẹ ò lè fi pépà pamọ́ fún un tán kẹ́ ẹ wá ní kò kà á.

Oníyèméjì
Mi ò mọ apá yẹn. Mo fara mọ́ ọn.

Onípólímà
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mò ń parí pépà kan lọ́wọ́, tẹkiníṣàn wa ló sin gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀. Mo ti fi orúkọ wọn sáàárín àwọn òǹkọ̀wé. Jọ́nà ní kí n kọ ohun tẹ́nì kọ̀ọ̀kan ṣe, kí ni mo máa kọ fún wọn?

Ọ̀dọ́ Lábù
CRediT, àkójọ ipa téèyàn lè kó nínú pépà, ni wọ́n ń béèrè, ipa 14 ló wà níbẹ̀. Fún wọn ní Investigation, torí àwọn ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Tó bá jẹ́ pé àwọn ló tún ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ṣe é tò, Methodology náà. Tí wọ́n bá kà á tí wọ́n sì tún un ṣe, Writing, ti review and editing. Má fi Resources, pé wọ́n kàn pèsè nǹkan, nìkan tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ o.

Onípólímà
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n kà á.

Onípólímà
Wọ́n ti dá mi lóhùn. Wọ́n ní àwòrán kẹta ò ní ìlà tó ń fi ìwọ̀n hàn, àti pé sẹ́ẹ̀lì tí mo pè ní ọjọ́ keje nínú ẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ni, kí n lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn. Mo lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Tẹkiníṣàn Àgbà
Fi ìlà náà sí i. Má kàn kọ 10x, iye ìgbà tí maikirosíkóòpù fi sọ ọ́ di ńlá, sábẹ́ ẹ̀ o, tí wọ́n bá ti fún àwòrán yẹn pọ̀ kó lè gba ojú ìwé, 10x ò nítumọ̀ mọ́. Ìlà yẹn á kéré pẹ̀lú àwòrán. Kó o sì kọ iye micrometre ẹ̀ sínú àlàyé ìsàlẹ̀.